Ojú Fóònù Tí Tàgbà Tèwe Lè Lò

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ó wà lápò tàgbà tèwe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni ó lè lò ó tán. Ohun náà ni fóònù alágbèéká, pàápàá àwọn ojú ìwé inú rẹ̀ tí a fi ń fi owó ránṣẹ́, tí a fi ń san owó iná, tí a sì fi ń wo èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní áàpù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 60 ọdún. Ó mọ iye ọ̀pá aṣọ tí ó wà nínú ìdì kan kí ó tó tú u. Ó mọ gbèsè tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ láìkọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí i ní báǹkì, ìyá yìí a na fóònù rẹ̀ sí ọmọkùnrin tí ń ta káàdì nítòsí ìsọ̀ rẹ̀, a ní, “Ọmọ mi, jọ̀wọ́ bá mi wò ó, ṣé owó náà ti wọlé?” Ọmọ náà a dáhùn pé, “Ẹ pe nọ́ńbà àṣírí yín, Màmá.” Ìyá a sì pè é sókè láàrin ọjà.

Ọmọ náà lè jẹ́ ọmọlúàbí. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyá kò sí lọ́wọ́ òun nìkan mọ́. Bí owó bá dín lọ́jọ́ kan, ìyá kò ní mọ ẹni tí yóò bi léèrè, ọmọ tí ó ṣe oore kò sì ní mọ bí yóò ṣe wẹ ara rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tí ó ń fi ojú olójú wo owó ara rẹ̀, kò tíì ní owó náà tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ìyá kò kàwé, tàbí pé ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ìyá pàápàá yóò ní, “Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò.” Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìyá. Bí télọ̀ bá rán bùbá tí apá ẹni tí ó ni í kò lè wọ̀, a kì í ní kí oníbùbá lọ gé apá rẹ̀. Télọ̀ ni a ń dá aṣọ padà fún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú ojú ìwé orí fóònù: ẹni tí ó ṣe é ni ó yẹ kí ó ti wọn ẹni tí yóò lò ó.

Ìwádìí tí ó so èso

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí a ń pè ní Bell Laboratories. Ní ọdún 1945 ni John Karlin, ọmọ bíbí ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí ó kọ́ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Fóònù ìgbà náà jẹ́ èyí tí a ń ki ìka bọ ihò rẹ̀, tí a sì ń yí i. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ sọ ọ́ di èyí tí a ń tẹ̀, ìbéèrè kan dìde: báwo ni kí a ṣe to àwọn nọ́ńbà náà?

Ẹ̀rọ ìṣirò ti wà nígbà náà tí 7, 8 àti 9 wà lókè rẹ̀, tí 1, 2 àti 3 sì wà nísàlẹ̀. Ì bá rọrùn láti fara wé e. Ṣùgbọ́n Karlin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ wọn karí èrò ara wọn. Wọ́n to bọ́tìnnì ní oríṣiríṣi ọ̀nà: òmíràn rí róbótó, òmíràn wà ní ìlà méjì, òmíràn wà ní ìlà mẹ́ta. Wọ́n pe àwọn ènìyàn wá, wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ nọ́ńbà. Wọ́n ṣírò àkókò tí ó gbà wọ́n, wọ́n ka àṣìṣe wọn, wọ́n sì bi wọ́n léèrè èyí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní oṣù keje ọdún 1960, R. L. Deininger, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún aráyé. Ètò tí wọ́n mú ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí: 1, 2, 3 lókè, 4, 5, 6 láàrin, 7, 8, 9 lábẹ́ wọn, òdo nísàlẹ̀ pátápátá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni fóònù alátẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn oníbàárà ní ìlú Carnegie àti Greensburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bọ́tìnnì mẹ́wàá péré ni ó ní. Ní ọdún 1968 ni wọ́n fi méjì kún un, àmì ìràwọ̀ lápá òsì òdo, àmì # lápá ọ̀tún rẹ̀. Àmì méjì yìí náà ni àwọn ará Nàìjíríà ń tẹ̀ lónìí bí wọ́n bá fẹ́ béèrè iye owó tí ó kù fún wọn ní báǹkì láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn a fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn a fi # parí.

Kókó kékeré orí nọ́ńbà 5

Ẹni tí ó bá ní fóònù kékeré onítẹ̀ lọ́wọ́, kí ó fi ìka ra orí nọ́ńbà 5 rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú fóònù bẹ́ẹ̀, yóò bá kókó tàbí ìlà kékeré kan pàdé. Kì í ṣe àbùkù. A fi síbẹ̀ kí ẹni tí kò ríran lè mọ àárín pátákó nọ́ńbà, kí ó sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí àwọn yòókù wà. Ẹni tí ó ríran náà ń jẹ àǹfààní rẹ̀ bí iná bá lọ lóru.

Nígbà tí fóònù olójú gíláàsì gbòde, kókó yẹn pòórá. Ojú fóònù wá tẹ́jú láti òkè délẹ̀, ìka kò sì rí ohun tí yóò dì mú. Ẹni tí kò ríran bá ara rẹ̀ níwájú ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2009 ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ilé iṣẹ́ Apple fi VoiceOver sínú iPhone lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ Google sì fi TalkBack sínú fóònù Android. Àwọn méjèèjì jẹ́ ohùn tí ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù sétí ẹni. Bí a bá tan ohùn náà, tí a sì fi ìka kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, fóònù yóò pe orúkọ nǹkan náà. Bí ó bá jẹ́ òun ni a ń wá, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, yóò sì ṣí.

Ṣùgbọ́n ohùn náà kò lè ka ohun tí a kò kọ. Bí ẹni tí ó ṣe áàpù bá ya àwòrán ilé sí bọ́tìnnì kan, tí kò sì fún un ní orúkọ nínú ẹ̀rọ, ohun tí afọ́jú yóò gbọ́ kò ju “bọ́tìnnì” lọ. Ó lè kan bọ́tìnnì mẹ́jọ lójú ìwé kan, kí ó gbọ́ “bọ́tìnnì” lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó dà bí ọjà tí gbogbo ìsọ̀ ibẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kan náà. Iṣẹ́ tí ó kù fún aṣètò kò ju pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ìdí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ojú fóònù rere gbọ́dọ̀ ní

Ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin ìlò íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, tí a ń pè ní W3C, ti gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1999, wọ́n sì ń tún un ṣe títí di ìsinsìnyí. Àwọn kan nínú ohun tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni nìyí.

Èkíní ni ìwọ̀n bọ́tìnnì. Ìka ènìyàn kì í ṣe abẹ́rẹ́. Google gba àwọn aṣètò níyànjú pé kí ibi títẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mílímítà 9 ní ìbú àti ní gígùn. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti le, tàbí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, yóò tẹ “fi ránṣẹ́” níbi tí ó ti ń wá “padà sẹ́yìn”.

Èkejì ni àwọ̀. Ọ̀pọ̀ aṣètò fẹ́ràn láti kọ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ eérú sí ojú funfun, nítorí pé ó rẹwà lójú wọn nínú yàrá. Ìlànà tí ó wà láti ọdún 2008 sọ pé bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀rọ̀ wé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyàtọ̀ wọn fún lẹ́tà kékeré kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1. Ẹni tí ó bá dúró sí oko nínú oòrùn ọ̀sán yóò mọ ìdí tí òfin yìí fi wà. Bákan náà, kò tọ́ kí a fi àwọ̀ nìkan jíṣẹ́. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kò lè fi pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bí pupa bá jẹ́ “owó kò lọ”, tí àwọ̀ ewé sì jẹ́ “owó ti lọ”, kí a kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí ó yéni. Ìgbà mìíràn wà tí owó kò ní lọ, tí ẹ̀rọ yóò sì kọ nọ́ńbà 91 tàbí 51 fún oníbàárà. Láàrin àwọn báǹkì, 91 túmọ̀ sí pé báǹkì tí ó yẹ kí ó dáhùn kò sí lórí ìlà. 51 túmọ̀ sí pé owó inú àkáǹtì kò tó. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ sùúrù, ti èkejì ń fẹ́ kí a lọ wá owó kún un. Kí ni ó dé tí a kò kọ ọ́ báyìí pé, “Owó yín kò tíì kúrò. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú”? Ẹni tí ó ka irú rẹ̀ kò ní sáré fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹrin ni àyè fún àṣìṣe. Ó dára bí ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà ti ń fi orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá hàn kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà tóbi, kí iye owó náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkarùn-ún ni àkókò. Ètò tí a ń fi ìràwọ̀ àti # pè kì í dúró pẹ́. Bí ẹni tí ń kàwé díẹ̀díẹ̀ bá pẹ́ lórí ìbéèrè kan, ìlà yóò já, yóò sì tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ètò tí kò ní sùúrù ń lé àgbà jáde.

Èdè Yorùbá lórí fóònù

Ohun kan tún wà tí ó kan àwọn ọmọ Yorùbá gidigidi. Bí a bá kọ “owo” láìfi àmì sí i, kí ni a kọ? Ó lè jẹ́ owó tí a ń ná, ó lè jẹ́ òwò tí a ń ṣe, ó lè jẹ́ ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà, ó sì lè jẹ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Ẹni tí ó ríran lè fi ọgbọ́n mọ èyí tí ó jẹ́. Ẹ̀rọ tí ń kàwé sétí ẹni kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀; bí a bá ti kọ ọ́ ni yóò gbìyànjú láti pè é. Nítorí náà, áàpù tí ó ní òun sọ Yorùbá ṣùgbọ́n tí ó bọ́ gbogbo àmì sílẹ̀, ó gbé àwo wá, kò gbé oúnjẹ wá.

Iṣẹ́ wà nínú fífi àmì sí i lóòótọ́. Nínú Unicode, àkójọ tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà fún ẹ̀rọ, lẹ́tà “é” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “ẹ” náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ní láti gbé àmì ohùn ka orí “ẹ”. Bí aṣètò bá mú irú lẹ́tà tí kò mọ iṣẹ́ náà, àmì yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo kan jókòó sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe ojú ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ dán lẹ́tà wò kí ó tó gbé e jáde.

Ìdí tí kò fi yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báǹkì Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé a ó pààrọ̀ owó bébà náírà 200, 500 àti 1,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó bébà wọ́n gidigidi káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó mọ fóònù lò fi owó ránṣẹ́, ó ra gàrí. Ẹni tí kò lè lò ó tò sí ẹnu báǹkì láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí ó tilẹ̀ ní owó nínú àkáǹtì. Nígbà náà ni ó hàn gbangba pé ojú ìwé fóònù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó ti di ojú ọ̀nà sí oúnjẹ òòjọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kìíní ọdún 2019 tí ó ka fífi ojú abirùn gbolẹ̀ léèwọ̀. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí abirùn lè gbà wọlé. Lónìí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báǹkì ti kúrò nínú ilé, ó ti bọ́ sí orí fóònù. Bí a bá ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ abirùn ní ẹnu ilé báǹkì, tí a sì ti ilẹ̀kùn orí fóònù mọ́ ọn, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà ni pé kí wọ́n ṣe bí Karlin ti ṣe. Kí wọ́n gbé fóònù lọ sí ọjà, kí wọ́n fi í fún àgbàlagbà tí ó bá gbà tinútinú, kí wọ́n sì jókòó láìsọ̀rọ̀. Kí wọ́n má ṣe ní, “Màmá, kì í ṣe ibẹ̀.” Ibi tí màmá bá ti dúró, tí ó sì ń wòye, ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá kọsẹ̀ lójú kan náà, ọ̀nà ni a ń tún ṣe. Kí wọ́n sì rántí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kí ẹni tí ó fẹ́ fi ojú kà á rí i kà, kí ẹni tí ó fẹ́ fi etí gbọ́ ọ rí i gbọ́, kí olówó fóònù kékeré má ṣe kù sẹ́yìn.

Iṣẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù olójú gíláàsì kò le. Ẹ wọ ibi tí a kọ Settings sí, kí ẹ wá Accessibility. Níbẹ̀ ni ẹ lè sọ lẹ́tà di ńlá, níbẹ̀ sì ni ohùn tí ń kàwé wà. Bí ẹ bá ń lo ohùn náà fún ọ̀rọ̀ owó, ẹ fi wáyà gbígbọ́ sí etí, kí aládùúgbò má baà gbọ́ àṣírí yín. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí olùrànlọ́wọ́ fi ọ̀nà hàn yín, ṣùgbọ́n kí ìka tí yóò tẹ nọ́ńbà jẹ́ tiyín. Bí ojú ìwé kan bá sì ni yín lára, ẹ lọ sọ fún báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ni í. Ẹni tí kò bá gbọ́ ẹ̀sùn yóò rò pé iṣẹ́ òun dára.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ ni ó mọ bí a ti ń ṣe áàpù, àgbà ni ó mọ ibi tí ó ti ń há. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìyá aláṣọ yóò gbọ́ ìró fóònù rẹ̀, tí yóò wò ó fúnra rẹ̀, tí yóò rí i kedere pé owó ti wọlé, tí yóò sì dá a padà sínú àpò rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.